Sítíárìn tàbí Volant: Ọ̀rọ̀ àti Àtúnṣe Ìdarí Katakata Àtijọ́ ní Bantè àti Savalou

Irin méjì tí wọ́n ṣì rà ló bí àpilẹ̀kọ yìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, katakata Massey Ferguson 135 kan dúró sábẹ́ igi kajú ní Bantè. Kò lè lọ sóko nítorí pé sítíárìn rẹ̀ ti bàjẹ́: ẹni tó jókòó lórí rẹ̀ á yí i dé nǹkan bí ìdajì kí táyà iwájú tó mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí. Baba tó ń tún un ṣe tẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan láago ní Savalou, ó ní kó bá òun ra táìrọ́ọ̀dù méjì. Ẹlẹgbẹ́ yìí, tí Baba fi nǹkan bí ogún ọdún jù lọ, gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó túmọ̀ rẹ̀ sí barre lọ́kàn ara rẹ̀, ó sì ra ọ̀pá gígùn méjì. Ohun tí Baba ń fẹ́ kò ju oríkèé kékeré méjì tí wọ́n ń dè mọ́ ẹnu ọ̀pá náà lọ. Ẹni tó tà á kò gbà á padà. Olóko ló forí fá owó náà, òjò mẹ́ta sì ti rọ̀ kí irin tó yẹ tó dé.

Ẹjọ́ ni mo bá nígbà tí mo débẹ̀. Baba ní, "Táìrọ́ọ̀dù ni mo sọ, n kò sọ ọ̀pá." Èyí ará Savalou fi ọ̀wọ̀ dá a lóhùn, ṣùgbọ́n kò gbà: "Ẹ jọ̀ọ́, Baba, ẹ̀yin lẹ pe rọ́ọ̀dù. Wọ́n sì kọ́ wa nílé ìwé pé ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè bẹ́ẹ̀, ọ̀pá ni." Tí a bá ṣí ìwé atúmọ̀-èdè, ọ̀dọ́kùnrin náà ló jàre. Tí a bá sì wọ ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kan ní Ìbàdàn, Baba ló jàre, nítorí pé níbẹ̀, táìrọ́ọ̀dù kì í ṣe ọ̀pá mọ́. Oríkèé tó wà lẹ́nu ọ̀pá ni. Ọ̀rọ̀ àyálò náà ti sọ apá kan ìtumọ̀ rẹ̀ nù lẹ́nu àwọn oníṣẹ́, kò sì sí ẹnikẹ́ni tó kọ ọ́ sínú ìwé fún ọmọ Savalou.

Ìbéèrè tí mo gbé kúrò níbẹ̀ rọrùn láti bi, ṣùgbọ́n ó gba ìtàn gígùn láti dáhùn. Orílẹ̀-èdè tí Faransé jẹ́ èdè ìjọba rẹ̀ nìyí. Báwo ni àgbà mẹkáníìkì kan ní Bantè ṣe wá ń fi Gẹ̀ẹ́sì àwọn ará Ìbàdàn pe ẹ̀yà ara katakata?

Àwọn ìlú àti àwọn èdè wọn

Bantè àti Savalou jọ wà ní ẹkùn Collines, èyí tí wọ́n yọ lára ẹkùn Zou àtijọ́ ní 1999. Ọ̀nà tó ti Ìdáàṣà wá gba Savalou kọjá, ó gba Bantè, ó sì kọjá lọ sí Bassila àti Djougou ní àríwá. Savalou jẹ́ ìlú àwọn Màhì, ìdílé Gbaguidi ló ń jọba níbẹ̀, ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ sì ni wọ́n ń ṣe ọdún iṣu tuntun wọn tí gbogbo Benin mọ̀. Ṣùgbọ́n tí ènìyàn bá kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, lọ́nà Tchetti, ẹ̀ka-èdè Ifè ni yóò máa gbọ́, èyí tí wọ́n ń sọ wọ orílẹ̀-èdè Tógò títí dé agbègbè Atakpamé. Ní Bantè, Itcha ni èdè ilé. Ifè àti Itcha wà lára ohun tí Capo fi sábẹ́ orúkọ Ede nínú iṣẹ́ rẹ̀ tó jáde ní 1989 lórí Defoid. Ẹni tó bá fẹ́ rí bí ìró àwọn ẹ̀ka-èdè Yorùbá, Ìṣẹ̀kírì àti Igala ṣe bá ara wọn tan yóò padà sí iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé Akinkugbe, Ìbàdàn, 1978.

N kò ní pẹ́ lórí ìpín àwọn èdè, nítorí pé àwọn tó ju mí lọ ti ṣe é. Ohun kan péré ni mo fẹ́ fà yọ. Orúkọ Savalou fúnra rẹ̀ ní ìró v nínú, ìró tí kò sí nínú álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá. Ẹni tó ń sọ Màhì lóòjọ́ kò ní ìṣòro pẹ̀lú rẹ̀, ẹni tó bá sì gbé láàárín wọn yóò kọ́ ọ. Nítorí náà, nígbà tí ará Savalou bá pe volant, v náà máa ń dúró. Ẹnu ẹni tó dàgbà sí Ọ̀yọ́ tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ yóò fẹ́ sọ ọ́ di f. Ní ti ìparí ọ̀rọ̀ náà, kò sí ìyọnu: Faransé fi fáwẹ́lì àránmúpè parí rẹ̀, Yorùbá sì ní fáwẹ́lì àránmúpè tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà wọlé láìgba àfikún kankan. Ẹ fi wé steering. Kọ́ńsónáǹtì méjì ló ṣáájú rẹ̀, Yorùbá kò sì gba irú ìṣùpọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí náà a fi fáwẹ́lì í là wọ́n láàárín, ó di sítíárìn, sílébù mẹ́rin. Ní ti pípè nìkan, volant ló yẹ kó borí ní Bantè. Kò borí lẹ́nu Baba. Èyí fi hàn pé ọ̀rọ̀ kì í wọ ìlú nítorí pé ó rọrùn lẹ́nu.

Àkọtọ́ náà yàtọ̀, kí n tó gbàgbé. Álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè orílẹ̀-èdè tí ìjọba Benin gbé jáde ní 1975 ń lo kp, sh, ɛ àti ɔ níbi tí àwa ní Nàìjíríà ń lo p, ṣ, ẹ àti ọ. Ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì, ìyàtọ̀ yìí kò já mọ́ nǹkan kan. Faransé ni wọ́n kọ sára pátákó tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ohun tí wọ́n sì ń sọ nínú ibẹ̀, ẹnu nìkan ni wọ́n fi ń gbé e.

Ẹ̀rọ kan, ìwé méjì

Katakata tó wà lábẹ́ igi kajú yẹn ní ìran. Harry Ferguson, ọmọ Ireland, ló gbé katakata kékeré aláwọ̀ eérú jáde ní Coventry ní 1946, èyí tí wọ́n pè ní TE20. Nígbà tí wọ́n fi dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró ní 1956, wọ́n ti ṣe ju 500,000 lọ. Ní 1953, Ferguson da iléeṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ mọ́ Massey-Harris ti Kánádà. Láti ibẹ̀ ni 35 ti jáde, lẹ́yìn náà 135, aláwọ̀ pupa, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní ìparí 1964 tí wọ́n sì ń ṣe é lọ ní Coventry títí di 1975. Ṣùgbọ́n Coventry nìkan kọ́ ni ilé wọn. Ní àwọn ọdún 1950, wọ́n ń ṣe irú Ferguson kan ní Saint-Denis lẹ́bàá Paris, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 sì ni Massey Ferguson ṣí iléeṣẹ́ ńlá sí Beauvais ní ilẹ̀ Faransé.

Fún onímọ̀ ẹ̀dá-èdè, ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Irin kan náà jáde pẹ̀lú ìwé ìlò méjì. Ohun tí ìwé Coventry pè ní ball joint, ìwé Beauvais pè é ní rotule. Drop arm di bras, king pin di pivot, bush di bague. Àwọn ará Ìbàdàn gba ti Coventry, àwọn ará Kútọnu gba ti Beauvais, ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889 sì gba àárín wọn kọjá. Ààlà tó ya Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ kúrò lára àwọn ẹbí wọn ní ìlà-oòrùn náà ló wá ya oríkèé irin sí orúkọ méjì ní ọgọ́rin ọdún lẹ́yìn náà.

Mo gbọ́dọ̀ ṣàlàyé bí ìdarí katakata yìí ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí pé láìmọ èyí, kò sí bí a ṣe lè mọ ìdí tí ẹjọ́ irin méjì yẹn fi gbóná. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò, ọ̀pá kan ló so táyà iwájú méjèèjì pọ̀. Nínú 135 tí kò ní agbára epo, kò rí bẹ́ẹ̀. Àpótí kan wà níwájú awakọ̀, ọ̀pá sítíárìn sọ̀kalẹ̀ wọ inú rẹ̀. Nínú àpótí náà, nọ́ọ̀tì ńlá kan ń gùn, ó sì ń sọ̀ lórí ọ̀pá yìí, àwọn ọmọ bíárìn róbótó sì ń yí nínú ihò tó wà láàárín wọn kí irin má baà ha irin. Láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì àpótí ni apá kọ̀ọ̀kan ti jáde. Láti ẹnu apá òsì, ọ̀pá kan lọ tààrà sí táyà òsì. Láti ẹnu apá ọ̀tún, òmíràn lọ sí táyà ọ̀tún. Oríkèé wà ní ìpẹ̀kun ọ̀pá kọ̀ọ̀kan. Ferguson ṣe é bẹ́ẹ̀ kí àgbẹ̀ lè fẹ ẹsẹ̀ iwájú tàbí kó sún un mọ́ra gẹ́gẹ́ bí poro tó kọ ṣe fẹ̀ tó, láìba ìdarí jẹ́. Ọgbọ́n ńlá ni. Ìyà rẹ̀ ni pé oríkèé mẹ́rin ló wà láti gbó, bí ọ̀kan bá sì gbó, táyà kan ń gbọ́ràn, èkejì ń ro ti ara rẹ̀.

Ìmọ̀ pé táyà méjèèjì kò gbọ́dọ̀ yí bákan náà nígbà tí ọkọ̀ bá ń kọrí sí ibì kan ti pẹ́ ju mọ́tò lọ. Georg Lankensperger ní Munich ló ṣe é fún kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ní 1817, Rudolph Ackermann gbàwé àṣẹ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún kejì, orúkọ Ackermann ló sì dúró títí dòní. Bí ìtàn orúkọ ṣe máa ń rí nìyẹn. Ọ̀pá ni àwọn awakọ̀ àkọ́kọ́ máa ń dì mú, bíi ti ọkọ̀ ojú omi. Ní 1894, nínú ìdíje láti Paris sí Rouen, ni Alfred Vacheron fi irin róbótó sí ipò ọ̀pá náà.

Ọkọ̀ àti ọkọ́

Bíi ti ọkọ̀ ojú omi, mo ní. Ní Yorùbá, àfiwé yìí ti wọ inú èdè pátápátá. Ọkọ̀ ni ohun tí a gbẹ́ láti ara igi tí a sì fi ń la odò kọjá, kí ó tó di ọkọ̀ ilẹ̀, ọkọ̀ ojú irin àti ọkọ̀ òfúrufú. A ń wa ọkọ̀ lójú omi, a wá ń wa mọ́tò. Atukọ̀ ni ẹni tó ń tu ọkọ̀. Ìtọ́kọ̀ ni ohun tí a fi ń tọ́ ọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní lè fi méjèèjì dánra wò: àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe, ọ̀rọ̀-orúkọ, fáwẹ́lì kan sì jẹ ní ààlà wọn. Ìdí tí mo fi mú un wá ni pé ìtọ́kọ̀ wà nílẹ̀, ó pé, ó dára létí, kò sì sí mẹkáníìkì kan ní Bantè tàbí ní Ìbàdàn tó fi í pe sítíárìn. Mo bi Baba bóyá ó mọ̀ ọ́n. Ó ní òun mọ̀ ọ́n. Ó ní ti inú ọkọ̀ ojú omi nìyẹn, "èyí kò sì rí omi rí àfi ti òjò."

Ọ̀rọ̀ katakata fúnra rẹ̀ wá láti inú ariwo ẹ̀rọ náà, gẹ́gẹ́ bí alùpùpù ṣe wá láti inú tirẹ̀. Pijin ní katakata tirẹ̀, tó túmọ̀ sí wàhálà. Àwọn ọmọ iṣẹ́ tó ti gbé Nàìjíríà mọ èyí dáadáa, wọ́n sì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ nígbàkígbà tí ẹ̀rọ náà bá kọ̀ láti jí láàárọ̀.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú ohùn tí n kò lè fò. Ọkọ́ ni a fi ń ro oko. Ọkọ̀ ni a fi ń rìn. Ohùn tó wà lórí sílébù kejì nìkan ló yà wọ́n, katakata sì jẹ́ ọkọ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ ọkọ́. Mo gbọ́ olóko náà tó ń sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé "ọkọ́ ti dé" ní ọjọ́ tí wọ́n tún un ṣe tán, n kò sì mọ̀ bóyá ó ṣe é tàbí etí mi ló ṣì gbọ́. Mo kọ ọ́ bí mo ṣe gbọ́ ọ.

Bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe dé Bantè

Lẹ́yìn tí Mathieu Kérékou gba ìjọba ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá ọdún 1972, iṣẹ́ àgbẹ̀ di ohun tí ìjọba ń darí láti òkè. CARDER wà fún ẹkùn kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì kó àwọn àgbẹ̀ jọ sínú àwọn ẹgbẹ́ tí wọ́n pè ní GRVC. Èdè tí gbogbo èyí bá dé ni Faransé: groupement, campagne, intrants. Àwọn ọ̀rọ̀ yìí ṣì wà lẹ́nu àgbẹ̀ olówùú ní Savalou títí di òní. Tí ìtàn bá dúró síbẹ̀, volant àti rotule nìkan ni à bá máa gbọ́.

Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ ń lọ sí Nàìjíríà. Owó epo rọ̀bì ń ṣàn ní Èkó àti Ìbàdàn ní àwọn ọdún 1970, ẹni tó sì ń sọ Itcha kò ní í pẹ́ kí ó tó gbọ́ èdè onílé. Baba wà lára wọn. Ó kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì ní Ìbàdàn, lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń tún katakata àwọn àgbẹ̀ ṣe. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ti dá àwọn abúlé oko sílẹ̀ láti nǹkan bí 1959, wọ́n wo àwòkọ́ṣe wọn láti ara moshav ti ilẹ̀ Ísírẹ́lì, nítorí náà katakata kì í ṣe àjèjì ní agbègbè yẹn. Ibẹ̀ ni Baba ti gbọ́ sítíárìn, kínpíìnì, bọ́ṣì, bíárìn, gírísì, táìrọ́ọ̀dù. Kò kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Yorùbá ló kọ́ wọn gẹ́gẹ́ bí, lẹ́nu ọ̀gá rẹ̀ tí òun náà kò lọ ilé ìwé. Kókó ni èyí jẹ́ fún mi: nínú èdè Baba, àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì rárá. Ọ̀rọ̀ Ìbàdàn ni wọ́n.

Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1983, ìjọba Nàìjíríà pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kó ẹrù wọn. Àwọn ará Ghana ló pọ̀ jù, báàgì wọn sì wà lọ́jà títí dòní pẹ̀lú orúkọ tí gbogbo wa mọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ará Benin àti Tógò náà wà lójú ọ̀nà. Baba padà sí Bantè pẹ̀lú àpótí sípánà kan. Ó ní ohun tó kọ́kọ́ dùn òun kì í ṣe ẹrù tí òun fi sílẹ̀. Ó ní òun dé ilé, òun ní kí ọmọ kan mú sípánà wá fún òun, ọmọ náà sì ń wo òun, nítorí pé clé ló mọ̀.

Nígbà tó yá, ó gba ọmọ iṣẹ́, àwọn ọmọ iṣẹ́ sì gba ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìpínyà kan wà níbí tó dùn mọ́ mi. Ní Savalou, ọmọ iṣẹ́ ń pe ẹni tó ń kọ́ ọ ní patron, ọjọ́ tó bá parí ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń ṣe libération fún un. Ní ṣọ́ọ̀bù Baba, ọ̀gá ni, ọjọ́ náà sì ni wọ́n ń ṣe fúrídọ́ọ̀mù. Ayẹyẹ kan náà, àdúrà kan náà, aṣọ ẹgbẹ́jọdá kan náà. Èdè méjèèjì tó kó wa lẹ́rú ló fún wa ní orúkọ òmìnira tí a ń fún ọmọ iṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Ohun kejì tó gbé ọ̀rọ̀ Ìbàdàn ró ní Bantè ni owó. Ní oṣù kìíní ọdún 1994, wọ́n dín iye owó CFA kù sí ìdajì: franc Faransé kan, tí 50 CFA ń rà tẹ́lẹ̀, di 100. Ohun èlò tó ń ti ilẹ̀ Faransé bọ̀ di ìlọ́po méjì lóru ọjọ́ kan. Àwọn tó ní katakata àtijọ́ kọjú sí ìlà-oòrùn. Ní ọjà Àràrọmí ní Agodi Gate, Ìbàdàn, ohun èlò Massey Ferguson kì í wọ́n, púpọ̀ nínú wọn kò sì ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá mọ́. Iléeṣẹ́ TAFE ní Chennai àti Millat ní Pakistan ṣì ń ṣe àwọn katakata tó jẹ́ ọmọ ìyá 35 àti 135, irin wọn sì bá ti àtijọ́ mu. Ẹni tó bá fẹ́ ra irin ní Àràrọmí gbọ́dọ̀ mọ orúkọ tí wọ́n ń pè é níbẹ̀. Báyìí ni ọ̀rọ̀ Baba ṣe di owó lọ́wọ́.

Àrùn àti ìwòsàn

Kí ló ń pa sítíárìn ní agbègbè yìí? Kùkùté ni. Ilẹ̀ iṣu ni Bantè àti Savalou. Àgbẹ̀ tó bá ń kọ ebè pẹ̀lú ọkọ́ kì í hú gbogbo igi. Ó ń fi àwọn kan sílẹ̀ kí iṣu lè rí ibi gùn, ó sì ń kọ ebè yí kùkùté ká. Oko tó dára fún ọkọ́ ni, ó sì burú fún katakata. Nígbà tí táyà iwájú bá kọlu kùkùté, agbára rẹ̀ ń gba ọ̀pá lọ sínú apá, ó gba apá lọ sínú àpótí, irin tó wà lọ́wọ́ awakọ̀ á sì já gbà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń kọ́ awakọ̀ katakata ni pé kò gbọ́dọ̀ ki àtàǹpàkò bọ inú sítíárìn. Kùkùté yìí náà ló bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì fínra ní Mokwa, níbi tí wọ́n ti fẹ́ fi katakata dá oko ẹ̀pà ńlá láti 1949. Iye owó àti iṣẹ́ tó wọ inú pípa igbó àti híhú gbòǹgbò wà lára ohun tí Baldwin kọ sínú ìwé rẹ̀ ní 1957, lẹ́yìn tí wọ́n ti pa iṣẹ́ náà tì ní 1954.

Baba fi jáàkì gbé iwájú ẹ̀rọ náà sókè. Ó ní kí ọmọ iṣẹ́ kan gun orí ìjókòó, kí ó máa yí sítíárìn díẹ̀díẹ̀ sọ́tùn-ún àti sósì, òun fúnra rẹ̀ sì ń gbé ọwọ́ lé oríkèé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibi tí ọwọ́ bá ti gbọ́ pé irin kan ń lọ tí èkejì rẹ̀ kò tẹ̀ lé e, ibẹ̀ ni àrùn wà. Oríkèé iwájú méjèèjì ti gbó. Bọ́ṣì kínpíìnì òsì náà ti gbó. Èyí tó bà á nínú jẹ́ jù ni apá òsì: ẹnìkan ti jó o pọ̀ rí pẹ̀lú iná wẹ́dà, eyín inú rẹ̀ sì ti jẹ tán. Irin tí wọ́n lù tí wọ́n sì fi iná gbó ni apá yẹn. Bí wẹ́dà bá tún fi iná kàn án, ó lè gan, ó sì lè dá láìkìlọ̀. Bó bá dá lójú ọ̀nà tó ti Bantè lọ sí Savalou, pẹ̀lú ẹrù iṣu lẹ́yìn rẹ̀ àti àwọn tó jókòó lórí iṣu, kò sí ohun tí awakọ̀ lè ṣe. Olóko bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí wọ́n tún jó o, nítorí pé òjò kò dúró de ẹnikẹ́ni, àwọn ìdílé mìíràn sì ti sanwó kí wọ́n lè bá wọn ro ilẹ̀ àgbàdo. Baba kọ̀. Ó ní òun yóò fún un lówó rẹ̀ padà kí òun tó fọwọ́ sí i. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi dúró de apá tuntun láti Ìbàdàn.

Wọ́n ṣí àpótí náà nígbà tí wọ́n ń dúró. Omi ti gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá sítíárìn wọlé, nítorí pé ìta ni ẹ̀rọ náà ń sùn, epo inú rẹ̀ sì ti funfun bí ògì. Wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n pààrọ̀ síìlì, wọ́n sì yọ lára àwọn irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà lábẹ́ ìdérí kí àyè inú rẹ̀ lè dín kù. Níbi tó ti gba kí wọ́n fi kún un, agolo ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni wọ́n gé. Baba kì í fún un jù. Ó ní ibi àárín ni eyín ti máa ń jẹ jù, torí pé ọkọ̀ ń lọ tààrà ju bó ṣe ń yí lọ. Ẹni tó bá fún un títí tí àárín fi le dáadáa, tó bá fẹ́ yí i dé òpin, yóò há.

Ẹ gbọ́ àwọn ọ̀rọ̀ tó ń lò nínú èyí. Apá, oríkèé, eyín, ọmọ. Ara ènìyàn ló fi ń pe inú ẹ̀rọ, àwọn ọ̀rọ̀ Ìbàdàn sì wà fún ohun tó ń rà lọ́jà. Mo wo ìwé àkọsílẹ̀ mi lálẹ́, ìyàtọ̀ náà hàn kedere: ohun tó gbọ́dọ̀ sọ fún oníṣòwò ní orúkọ àyálò, ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀ ní orúkọ Yorùbá. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe àkójọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ tó sì jókòó sí ọjà nìkan yóò rò pé Yorùbá kò ní nǹkan kan láti sọ nípa ẹ̀rọ.

Àpẹẹrẹ tó wù mí jù ni orúkọ àrùn náà. Gẹ̀ẹ́sì ní play, Faransé ní jeu, eré ni méjèèjì, bí ẹni pé irin ń ṣeré. Ọmọ Savalou pè é ní jeu. Baba kò pè é ní eré. "Ó ń yí lófo," ló wí. Òfo, kì í ṣe eré. Mo bi í bóyá ìyẹn ni wọ́n ń sọ ní Ìbàdàn. Ó rò ó díẹ̀, ó ní rárá, pilé ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Ó ní bàbá òun, tí kò gun katakata rí, ló máa ń wí bẹ́ẹ̀ nípa ọkọ́ tó bá mì nínú èèkù rẹ̀.

Ọmọ Savalou gbé àwọn ọ̀pá gígùn méjì náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ní ẹni tó nílò wọn yóò wá. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, bọ́ṣì ọ̀tún náà bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Baba kò pe orúkọ kankan lórí fóònù mọ́. Ó yọ èyí tó gbó, ó gbé rúlà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ní kí ọmọ iṣẹ́ kan ya fọ́tò rẹ̀ kó sì fi ránṣẹ́ sí Savalou lórí WhatsApp. Èsì dé kíá: "Mo ti rí i, Baba. Bague ni."

Baba gba fóònù náà, ó gbohùn sílẹ̀: "Bọ́ṣì ni. Bá mi rà á."